Àpò Fóònù Màmá Oníwáyà

Bí ọkọ̀ rẹ bá kọ̀ tí kò ṣíná, tí o wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù Màmá Oníwáyà, obìnrin náà kò ní bi ọ́ pé kí ló ṣe ọkọ̀. Ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Fóònù dà?" Abọ́ tánganran ńlá kan wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọmọrí. Inú rẹ̀ ni oníbàárà gbọ́dọ̀ ju fóònù sí, ní pípa, kí Màmá tó ṣí iwájú ọkọ̀. Ẹni tó bá ní òun ń retí ìpè pàtàkì, yóò ní kó lọ máa retí ẹ̀ ní òdìkejì títì. Kò sẹ́ni ńlá, kò sẹ́ni kékeré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Adájọ́ kan ti dúró sí òdìkejì títì rí, nínú òjò, tòun ti gèlè.

Ohun tó fà á kò le. Nígbà tí Màmá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wáyà ọkọ̀, ó ki orí bọ abẹ́ sítíárìn ọkọ̀ olùkọ́ kan, ó ń wá wáyà tó já. Olùkọ́ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fóònù ọkùnrin náà dún, ó gbé e, ó ní "Hẹ́lò." Kó tó sọ ìkejì, àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa ń dì sínú sítíárìn, èyí tí kò yẹ kó jáde àfi bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, bú gbàmù, ó fò jáde, ó sì gbá obìnrin náà létí òsì. Etí náà kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ títí di òní. Ọ̀gá rẹ̀ ní wáyà tó fi kan ara wọn ló fà á. Òun ní irọ́ ni, fóònù ni. Wọ́n jiyàn náà títí ọ̀gá fi fẹ̀yìn tì. Kí ẹnikẹ́ni tó fi obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, kó kọ́kọ́ lọ gba irú ìgbátí bẹ́ẹ̀ wò ná.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run wá fi ọmọ tó ń wa bàálù ta lọ́rẹ.

Àkọ́bí rẹ̀ ni, obìnrin. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ọkọ̀, tó ń bi í léèrè pé wáyà yìí ńkọ́, níbo ló ń lọ, ta ló ń pàṣẹ fún un. Nígbà tó dàgbà, ó ní ti orí ilẹ̀ kò tó òun. Ó lọ kọ́ṣẹ́, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì di awakọ̀ òfurufú. Gbogbo ìgbà ló máa ń bẹ ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ẹ wá wọ bàálù mi." Màmá á ní orúnkún ń dun òun, tàbí pé oníbàárà kan ń bọ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà á, kì í sì í ṣe nítorí ara rẹ̀. Bó bá ti ronú kan bàálù, ohun tó ń rí ni ogunlọ́gọ̀ èrò tí oníkálukú wọn di fóònù mú, àti ọmọ òun lọ́ọ̀ọ́kán níwájú, tí kò sí abọ́ tánganran kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ọjọ́ wá pé tí wọ́n sọ ọmọ náà di ọ̀gá awakọ̀. Wọ́n fún un ní ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ jókòó sí àga apá òsì, níbi tí ọ̀gá máa ń jókòó. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ju fóònù tirẹ̀ sínú abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Lọ́tẹ̀ yìí kò bẹ̀bẹ̀.

"Màámi," ló wí, "ọjọ́ tí mo bá kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ náà."

Kí ni abiyamọ fẹ́ fèsì sí ìyẹn? Màmá ní òun ń bọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó wọ kóòtù búlúù dúdú àti síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó so ìborùn funfun mọ́rùn. Kò mọ̀ pé àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù náà, búlúù dúdú ni wọ́n ń wọ̀, funfun sì ni wọ́n ń so mọ́rùn. Ó bá àwọn èrò rìn kọjá lórí ilẹ̀ kọnkéré gbalasa, títí ó fi dé ìdí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ló ti gbójú sókè, ibẹ̀ náà ló sì ti dúró.

Ó ti rí bàálù lókè rí, ta ni kò rí i? Lókè, ó kéré bí ẹyẹ. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí ga ju ilé lọ, apá rẹ̀ nà lọ títí, táyà rẹ̀ sì ga dé àyà rẹ̀. Màmá mọ iye wáyà tó wà nínú mọ́tò kékeré lásán, ó mọ bó ṣe máa ń gba òun ní odindi ọjọ́ láti tọpasẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ń gbìyànjú láti ro bí wáyà inú nǹkan yìí yóò ti pọ̀ tó, ìrònú náà kò ṣe é rò parí. Orí rẹ̀ wú. Ó wò ó láti imú dé ìrù, ó sì rí ojú kan nínú fèrèsé iwájú, lókè téńté, tó gbé nǹkan ìgbọ́rọ̀ bo etí. Ojú náà rí òun náà. Ó gbọ́wọ́ sókè sí i.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gòkè," ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wí.

"Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n," ni Màmá ń wí, kì í ṣe fún ẹni náà. Ó gòkè.

Àga rẹ̀ wà lápá ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tó jókòó ni olùtọ́jú èrò kan, ọmọbìnrin gíga kan tó ní ohùn jẹ́jẹ́, bẹ̀ wọ́n láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí wọ́n pa fóònù wọn, tàbí kí wọ́n yí i sí ipò tí kò ti ní lè pe ẹnikẹ́ni. Màmá pa tirẹ̀ kíá. Ó wá yíjú wo àwọn yòókù. Ọmọge kan ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù tirẹ̀. Ọkùnrin kan ń wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó so fóònù mọ́ wáyà, tó ń fún un níná, tó sì ti sùn lọ. Gbogbo wọn gbọ́, kò sẹ́ni tó ṣe bí ẹni gbọ́. Olùtọ́jú èrò kò sì lè wá, nítorí àpótí ẹnì kan ti há sí ibi ìkẹ́rùsí lókè níwájú, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń bá a jà.

Ojú Màmá kò gbà á. Ọmọ òun ló wà níwájú yẹn. Ó dìde, ó la ẹnu báàgì aláwọ rẹ̀, ó na ọwọ́.

"Ẹ kó fóònù yín wá. Ní pípa."

Ẹni tó bá ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pàṣẹ fún awakọ̀, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ọmọge yẹn sọ pé ó dàbọ̀ fún ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó jù ú sí i. Oníbọ́ọ̀lù wo kóòtù búlúù, ó wo ìborùn funfun.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyí?"

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyí."

"Ìgbà wo la máa gbà á?"

"Tí a bá balẹ̀. Bọ́ọ̀lù ò ní sá lọ."

Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tó fi rọ́bà de fóònù rẹ̀ yíká, nítorí pé bátìrì rẹ̀ ti wú, ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé mọ́. Màmá rí rọ́bà náà. Ká ní bátìrì ọkọ̀ ló wú bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn fóònù tó ń wọ abọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní rọ́bà lára, wọn kò sì ṣe nǹkan kan fún un rí. Láti ọjọ́ ìgbátí yẹn, ohun tí fóònù ń sọ jáde ló ń bẹ̀rù. Kò ronú kan ohun tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Ó kí bàbá náà pé ó ṣeun, ó ju tirẹ̀ mọ́ àwọn yòókù, ó padà sí àyè rẹ̀, ó ti báàgì náà sábẹ́ àga iwájú rẹ̀. Kò kọ́kọ́ wọlé. Ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi wọlé. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti ṣe ipa tòun.

Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Màmá ti jókòó nínú oríṣiríṣi ọkọ̀ tó sáré, kò sí èyí tó sáré tó báyìí. Ó tì í mọ́ ẹ̀yìn àga. Nǹkan kan ń kígbe lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń retí ìgbà tí yóò fọ́. Ni igbe ilẹ̀ bá dáwọ́ dúró lójijì, gbogbo rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó wo ìta, ó rí àwọn ilé tí wọ́n ń di kékeré, títì ń di okùn, odò kan ń dán bíi wáyà bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Wọ́n wọ inú àwọsánmà, gbogbo rẹ̀ di funfun. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ lórí rẹ̀.

Àwọsánmà tó ti ń wò láti ìsàlẹ̀ látọjọ́ tó ti dáyé, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà báyìí, ó tẹ́ lọ rẹrẹ, oòrùn ń tàn lé e, kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn kankan lórí rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò nù ún.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èrò wa," ni ohùn kan wí láti òkè orí wọn. "Èmi ni ọ̀gá awakọ̀ yín. Ojú ọ̀run mọ́ lónìí, ẹ fara balẹ̀."

Màmá fẹ́ sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé ọmọ òun nìyẹn. Ó yí etí ọ̀tún sí ohùn náà. Ohùn tó máa ń ké fún oúnjẹ, ohùn tó ń bi í pé wáyà yìí ńkọ́, ohùn náà ló ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀run yìí, tí àgbàlagbà sì ń dákẹ́ gbọ́.

Òórùn ló kọ́kọ́ ta á jí nínú ìyanu yẹn. Ó ń ta imú, ó sì dùn díẹ̀, bí ẹni tí ń sun ike àti ṣúgà pọ̀. Màmá mọ òórùn bátìrì tó ń jóná. Ó wo ìsàlẹ̀. Èéfín ń yọ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, nǹkan kan sì ń ṣe ṣììì nínú báàgì náà.

Ó fẹ́ fa báàgì jáde. Ọwọ́ kan dá a dúró. Olùtọ́jú èrò gíga yẹn ti dé, kò sì sí nǹkan jẹ́jẹ́ kankan nínú ohùn rẹ̀ mọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Báàgì ta ni?"

"Tèmi ni."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Fóònù."

"Fóònù kan?"

Màmá na ọwọ́ yí gbogbo ẹ̀yìn bàálù po. "Fóònù gbogbo wọn."

Ọmọbìnrin náà wò ó. Kò bú u, kò sì ní àyè láti bú u. Ó kó gbogbo àwọn tó wà nítòsí lọ síwájú, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ba, kí wọ́n fi aṣọ bo imú. Ẹnìkejì rẹ̀ gbé agolo panápaná dé, ó fọ́n ọn sí báàgì náà, iná tó ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀ kú. Kò tíì mí kanlẹ̀ tí ṣììì mìíràn fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó gbóná ti ń ran àwọn tó kù, nítorí ẹnì kan ló kó wọn jọ sójú kan tó sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́ra.

"Omi," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ kó ìgò omi yín wá."

Ìgò ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ bọ̀ wá sẹ́yìn. Wọ́n ń da omi sí báàgì láìdábọ̀, wọ́n sì fi ẹ̀mú onírin ń yọ fóònù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú garawa tí wọ́n ń kó yìnyín sí, wọ́n ń rì í sómi. Màmá dúró gbọn-in, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ohun tó ti ń lé kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wọlé, tó dì í, tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Fóònù kan wà lára ògiri tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bá iwájú sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin gíga náà gbé e, ó ṣàlàyé ní kúkúrú, ó gbọ́ ìbéèrè kan, ó sì nà án sí Màmá. "Ọ̀gá ń béèrè ohun tó kù nínú báàgì. Ẹ dá a lóhùn fúnra yín."

Màmá gbé e sí etí ọ̀tún.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ni ohùn náà wí.

"Ẹni tó ni báàgì ni."

Màmá tẹ fóònù náà mọ́ etí.

"Yàtọ̀ sí fóònù, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Àti súwẹ́tà."

"Lọ́fínńdà ńkọ́? Ohunkóhun tó lè gbaná?"

"Kò sí."

"Ó dáa. Ẹ kúrò lẹ́bàá ẹ̀, ẹ jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ mi ṣiṣẹ́ wọn. A ti ń padà sílẹ̀. Ẹ lọ jókòó, kẹ́ ẹ di bẹ́líìtì yín."

Ó parí síbẹ̀. Kò pè é ní màámi. Ohùn náà kò ga, kò rẹlẹ̀, bákan náà ló rí pẹ̀lú èyí tó kí wọn káàárọ̀. Màmá dá fóònù padà, ó jókòó síbi tí wọ́n fi hàn án, ó di bẹ́líìtì, ó ń rò ó bóyá ọmọ náà kò mọ òun ni.

Nígbà náà ni bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Garawa omi wà nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ọmọbìnrin gíga yẹn, ó kún dé etí, èéfín díẹ̀ ṣì ń yọ lórí rẹ̀. Màmá tẹjú mọ́ omi náà. Nínú fèrèsé, ayé dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilẹ̀ wá síbi tí ọ̀run wà, apá bàálù nà tọ́ka sí odò yẹn nísàlẹ̀. Omi inú garawa kò dà sílẹ̀, ẹ̀kán kan kò dà. Màmá ti jókòó ti awakọ̀ tó gbóná, awakọ̀ tó jáfáfá, awakọ̀ tó ń fọ́nnu. Kò rí ẹni tó lè gbé garawa tó kún báyìí gba kọ́nà kan ṣoṣo lórí títì tó tẹ́jú. Ọmọ rẹ̀ sì ń gbé e gba ojú òfurufú, pẹ̀lú iná lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé kì í ṣe òun ló ń tọ́jú ọmọ náà.

Ilẹ̀ ń bọ̀, ó ń tóbi, igi ń di igi, títì ń di títì. Táyà kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Àwọn ọkọ̀ panápaná ti tò dúró.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn kan ń wo Màmá, wọ́n ń pòṣé. Bàbá onírọ́bà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní tòun ló kọ́kọ́ gbaná, kó má bínú. Màmá ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, òun ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí bàálù fi ṣófo.

"Ọ̀gá ń pè yín," ni olùtọ́jú èrò wí.

Yàrá iwájú kéré gan-an. Bọ́tìnnì ni lókè, bọ́tìnnì ni lẹ́gbẹ̀ẹ́, gíláàsì tó ń tan nọ́ńbà ni níwájú, kò síbi tí ojú lè wò tí kò ní rí iná kékeré kan. Igbákejì ọ̀gá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn panápaná. Ọmọ náà nìkan ló wà lórí àga apá òsì, bẹ́líìtì ṣì wà láyà rẹ̀, ó ṣì di sítíárìn mú, bẹ́ẹ̀ bàálù ti dúró. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ni?" ni Màmá béèrè.

"Màámi, ta ni kò ní mọ ohùn ìyá ẹ̀?"

"Ohùn tìẹ ò yí padà."

"Tó bá yí padà, àwọn tó wà lẹ́yìn á gbọ́."

"Ẹ̀rù ò wá bà ọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí." Ó yíjú sí i, ojú rẹ̀ sì tutù fún omijé. "Mo ní kí n gbé e balẹ̀ ná, kí n tó jẹ́ kó bà mí."

Màmá fara ti ilẹ̀kùn.

"Iléeṣẹ́ bàálù máa bi mí," ni ọmọ náà tún wí. "Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Màá sọ pé ìyá mi ni. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe."

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má bò mí rárá." Ó nu ojú. "Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀?"

"Rárá. Ẹ wá jókòó tì mí."

Màmá wo àga tó ṣófo ní apá ọ̀tún. Ó wo bọ́tìnnì tó yí i ká, ó wo gíláàsì, ó wo ọmọ náà.

"Èwo ni kí n má fọwọ́ kàn?"

"Gbogbo ẹ̀, màámi."

Ó ká ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ abíyá, ó rọra fi ara wọlé sórí àga náà bí ọmọdé tó wọ yàrá àgbà, ó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀ títí ìgbọ̀nrìrì náà fi kúrò lára rẹ̀.